Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí ẹ ṣe lè kó wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ jọ fún sáàtífíkéètì mẹkáníìkì bàálù láàárín iṣẹ́ mìíràn ní Èkó

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ní Ìkẹjà ń bi mí lemọ́lemọ́, pàápàá àwọn tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí bùkátà kò sì jẹ́ kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Òfin Amẹ́ríkà ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí A&P ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Ibi tí ti Nàìjíríà bá ti yà, mo sọ ọ́.

Kí ni A&P tí gbogbo ènìyàn ń pè yìí?

Sáàtífíkéètì mẹkáníìkì bàálù ni, FAA ló ń fúnni, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka méjì ló ní. A dúró fún airframe, ara bàálù fúnra rẹ̀: ìyẹ́, ìrù, táyà, bíréèkì, wáyà iná, páìpù háídírọ́líìkì. P dúró fún powerplant, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, títí kan pùrọ̀pẹ́là. Ènìyàn lè gba ọ̀kan, ó sì lè gba méjèèjì.

Ẹni tó bá ní i lè tún bàálù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe, kó sì buwọ́ lu ìwé pé ó yẹ kó padà fò. Ìbuwọ́lùwé yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó fún.

Ṣé ti Amẹ́ríkà ni kí n lé, àbí láísẹ́ǹsì NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà?

Ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ló máa sọ ọ́. Bàálù tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Nàìjíríà ni, láísẹ́ǹsì NCAA ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ wo ibi tí àwọn bàálù aládàáni máa ń dúró sí ní Ìkẹjà, ẹ ó rí irú méjèèjì.

Ẹni tó fẹ́ jókòó sí Èkó kó máa bá àwọn ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé ṣiṣẹ́, láísẹ́ǹsì NCAA ni kó fi síwájú. Ìlànà ICAO, àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń gbé òfin tiwọn kà, ní kí ẹni tó fẹ́ láísẹ́ǹsì lórí odindi bàálù ní ìrírí ọdún 4, tàbí ọdún 2 bó bá ti parí ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tó ń ronú àtilọ sókè òkun, A&P dára fún un gan-an.

Wákàtí tí ẹ bá ṣe dáadáa, tí ẹ sì kọ sílẹ̀ dáadáa, máa wúlò lọ́nà méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra sípánà.

Kí ni FAA ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kó tó lè gbà á?

Kí ó ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè kọ ọ́, kí ó lè sọ ọ́, kí ó sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹ̀rí ìrírí hàn tàbí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ tí FAA fọwọ́ sí, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Òfin náà kò béèrè dìgírì. Kò béèrè ìwé dókítà bíi ti awakọ̀ òfurufú, nítorí náà ẹni tó ń lo gíláàsì kò ní ìṣòro kankan.

Èyí kò sọ pé kí ẹ sọ WAEC nù o. Ilé iṣẹ́ tó máa gbà yín sí hángà, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, lè béèrè rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà á sì béèrè, pàápàá ìṣirò, físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Marina láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ṣé òfin gbà kí n máa fi òpin ọ̀sẹ̀ kó ìrírí jọ?

Ó gbà. Ohun tí òfin sọ ni oṣù 18 fún airframe nìkan tàbí powerplant nìkan, tàbí oṣù 30 fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Kò ní kí oṣù náà tẹ̀léra, kò sì ní kó jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ FAA ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 40 lọ́sẹ̀ àti nǹkan bíi 160 lóṣù. Oṣù 18 di wákàtí 2,880. Oṣù 30 di wákàtí 4,800. Ẹni tó ń ṣe é láàárín iṣẹ́ mìíràn, wákàtí yìí ni kó máa kà, kó gbàgbé oṣù.

Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó wá ni?

Bí ẹ bá ń ṣe Sátidé nìkan, wákàtí 8, ẹ̀ka kan ṣoṣo á gbà yín tó ọdún 7. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ kì í lè fara dà á. Bí ẹ bá ń ṣe wákàtí 16 lọ́sẹ̀, ẹ̀ka kan á gba ọ̀sẹ̀ 180, ìyẹn nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Méjèèjì pọ̀ á gba ọ̀sẹ̀ 300, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 6. Bí ẹ bá lè ti wákàtí náà dé 24, méjèèjì á parí ní ọ̀sẹ̀ 200, kò tó ọdún 4.

Ibi tí àwọn tó gbọ́n ti ń jèrè ni ìsinmi ọdọọdún. Ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ bá lò ní hángà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ á fún yín ní wákàtí 80, ìyẹn òpin ọ̀sẹ̀ 5 fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 16. Yàtọ̀ sí iye rẹ̀, ọjọ́ tó tẹ̀léra máa ń jẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan kì í fún ènìyàn ní ìyẹn: ẹ ó tú nǹkan ní Sátidé, ẹ ó sì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì bá a pé ẹlòmíràn ti dá a padà.

Ṣé kí n mú ẹ̀ka kan ni, àbí kí n dúró gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan?

Bí ibi tí ẹ wà bá ń ṣe iṣẹ́ ara àti ẹ́ńjìnnì pọ̀, ẹ dúró fún méjèèjì. Oṣù 30 kéré sí 18 lọ́nà méjì. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù táyà àti bíréèkì nìkan lẹ wà, ẹ má tan ara yín, iṣẹ́ ara bàálù lẹ ń ṣe.

Mẹkáníìkì mọ́tò ni mí ní Ládípọ̀. Ṣé wọ́n á ka ọdún tí mo ti lò mọ́ ọn?

Wọn ò ní kà á. Ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì bàálù ni òfin dárúkọ. Jẹnẹrétọ̀, mọ́tò, Kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kì í ṣe ọwọ́ òfìfo. Ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì rí mọ bí bọ́ọ̀tì ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó já. Ìṣòro tó wà ni àwọn àṣà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èkíní, ẹ ò gbọdọ̀ fi agbára ọwọ́ mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti le tó. Iye tọ́ọ̀kì wà nínú ìwé ìtọ́ni bàálù yẹn, torque wrench ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torque wrench náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Èkejì, tòkunbọ̀. Ní Ládípọ̀, pátì tó bá ti ṣiṣẹ́ ti yanjú. Ní hángà, pátì tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ wọ bàálù, kódà kó máa dán yinrin. Fọ́ọ̀mù 8130-3 ti FAA tàbí Form 1 ti EASA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Yúróòpù, ni wọ́n sábà máa ń wá mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kẹta ni irinṣẹ́. Wọ́n ń ka irinṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kà á kí wọ́n tó pa pánẹ́ẹ̀lì dé. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì sípánà kan bá dín, bàálù náà kò lọ síbì kankan títí wọ́n á fi rí i.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tẹ́lẹ̀, mo ń kó ẹrù. Ṣé ìyẹn ò ti kà?

Kò kà. Kíkó ẹrù, bíbu epo sí bàálù, fífà á, gbígbá inú rẹ̀, iṣẹ́ sítọ́ọ̀, títún àwọn ọkọ̀ tó ń fa bàálù ṣe: iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àtúnṣe bàálù. Ohun tí òfin ń wá ni ìlànà, ohun èlò, irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ bàálù, tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ń yí i padà.

Àǹfààní tí ẹ ní ni pé ẹ ti wà nínú ọgbà. Ẹ ti mọ ojú àwọn ẹnjìnnìa tó ń wá sí abẹ́ bàálù lálẹ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ṣé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kà?

Ó dára fún ọpọlọ. Kò ní wákàtí kankan nínú.

Níbo ní Èkó ni mo ti lè rí àyè, báwo ni mo ṣe máa wọlé?

Ìkẹjà ni gbogbo rẹ̀ wà, yíká pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé ní ẹ̀ka àtúnṣe tiwọn níbẹ̀, àwọn onihẹlikọ́pítà tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ní hángà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú bàálù aládàáni náà wà níbẹ̀. Aero Contractors, tó ti wà láti ọdún 1959, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ńlá fún Boeing 737.

Ẹ má kàn dé ẹnu géètì kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àtúnṣe, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lè wá àti wákàtí tí ẹ lè lò, ẹ sì jẹ́ kó hàn pé ẹ mọ̀ pé abẹ́ ojú ẹlòmíràn lẹ ó ti ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ polytechnic tó ní SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́wọ́ ní ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jù, nítorí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló máa wọlé ṣáájú rẹ̀. Kí gbogbo yín rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá máa wọ inú ọgbà tí bàálù wà gbọ́dọ̀ gba káàdì ìwọlé, ODC, lọ́dọ̀ FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ tó gbà yín ló sì máa bá yín béèrè rẹ̀. Ó máa ń gba àkókò. Ẹ má ka ọjọ́ tí ẹ fi ń dúró mọ́ wákàtí yín.

Ọ̀pọ̀ ibi kò ní sanwó fún ẹni tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣètò owó ọkọ̀ àti oúnjẹ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àkókò wo ló dára jù fún ẹni tó ní iṣẹ́ ojúmọmọ?

Òru. Bàálù abẹ́lé ń fò láti kùtùkùtù òwúrọ̀ dé alẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti balẹ̀ tán ni àwọn mẹkáníìkì máa ń rí wọn mú: àyẹ̀wò ojoojúmọ́, táyà, bíréèkì, epo ẹ́ńjìnnì, àṣìṣe tí awakọ̀ kọ sínú ìwé. Òru Fúráìdè lè fún yín ní wákàtí 8 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, láìfi ọwọ́ kan iṣẹ́ báńkì yín.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó ti ibi iṣẹ́ ojúmọmọ wọ hángà lóru, kó tún ti hángà padà síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ojú tó ń kún fún oorun kì í rí ibi tí ara irin ti sán. Ẹ yan òru tí ẹ lè sùn lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Erékùṣù náà gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dáadáa: lójú mọmọ, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti Oyíngbò kí ẹ sọ̀ ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e fún iṣẹ́ òru. Ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ni wọ́n máa ń fún ẹni tuntun ṣe?

Ẹ ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ó pa á dé, ẹ ó fọ pátì, ẹ ó gbé táyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní lockwire, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá ti máa ń mọ irú ọwọ́ tí ẹ ní.

Lockwire ni wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so orí bọ́ọ̀tì mọ́ra kí ìgbọ̀nrìrì má bàa tú u. Èyí tí ẹ ó máa bá pàdé jù ni 0.032 ínǹṣì. Ẹ ó ki wáyà náà bọ ihò orí bọ́ọ̀tì, ẹ ó lọ́ ọ papọ̀ ní ìlọ́po 6 sí 8 nínú ínǹṣì kan, kí ó le, síbẹ̀ kó má fẹ́ já. Ẹ ó wá gbé e lọ sí bọ́ọ̀tì kejì lọ́nà tó jẹ́ pé, bí bọ́ọ̀tì kìíní bá fẹ́ tú, wáyà náà á máa fà á padà sí ìhà tó fi ń le. Bí ẹ bá gbé e gba òdìkejì, ó máa rẹwà lójú, kò sì ní wúlò fún nǹkan kan. Ẹ ó gé ìparí rẹ̀, ẹ ó fi ìrù kékeré tí kò ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ sílẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kó má bàa gé ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wáyà tí wọ́n bá ti yọ, wọn kì í tún un lò.

Ohun mìíràn tí ẹ ó tètè mọ̀ ní Èkó ni ìpẹtà. Ọ̀sà àti òkun wà nítòsí, iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ara alumíníọ̀mù kì í pọ́n bíi ti irin. Ọ̀dà á kọ́kọ́ wú díẹ̀, bí ẹ bá sì họ ọ́, ẹ ó rí lúlúù funfun lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan etí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ wo orí ríbẹ́ẹ̀tì. Ẹni tuntun tó bá rí èyí kí ọ̀gá rẹ̀ tó rí i, wọ́n á máa pè é síbi iṣẹ́ mìíràn.

Báwo ni kí n ṣe kọ àkọsílẹ̀ mi?

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ tó kúrò ní hángà. Èyí tí mo sábà máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ nìyí: «Mo ṣiṣẹ́ lórí 737, wákàtí 8.» Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Kí lẹ ṣe? Lórí bàálù wo? Ta ló wà níbẹ̀?

Àkọsílẹ̀ tó pé ní ọjọ́, irú bàálù, nọ́ńbà ara rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, orí tí ẹ tẹ̀lé nínú ìwé ìtọ́ni, wákàtí, àti orúkọ, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó mójú tó yín. Bí àpẹẹrẹ, apá tó sọ iṣẹ́ náà nìyí: «Boeing 737-500. Mo yọ táyà ńlá apá òsì, mo wo gígùn pín-ìn-nì tó ń fi bí bíréèkì ṣe jẹ hàn, mo nu áásù, mo fi gíríìsì sí i, mo fi táyà tuntun sí i, mo tọ́ọ̀kì nọ́ọ̀tì rẹ̀ bí mo ṣe ń yí táyà, gẹ́gẹ́ bí orí 32 ṣe wí. Wákàtí 3.» Ẹni tó bá ka èyí mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí òun ni wọ́n á fi kà á.

Nọ́ńbà orí yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé ìtọ́ni àwọn bàálù ńlá ń lo nọ́ńbà kan náà: 24 fún iná, 27 fún ohun tí awakọ̀ fi ń darí bàálù, 28 fún epo, 29 fún háídírọ́líìkì, 32 fún ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ka iye wákàtí tí ẹ ní lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtọ́ni àwọn òṣìṣẹ́ FAA ní kí ìrírí ènìyàn fọwọ́ kan, ó kéré tán, ìdajì àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ tó wà lábẹ́ sáàtífíkéètì tó ń béèrè. Bí ẹ bá wá rí i pé 32 nìkan ló kún, ẹ lọ bá ọ̀gá yín, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó gbé yín kúrò nídìí táyà.

Ẹ máa ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú. Òjò Èkó kì í mọ̀ bóyá ìwé wákàtí 2,000 ló wà nínú báàgì.

Ta ló yẹ kó buwọ́ lù ú fún mi?

Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, tó sì mójú tó iṣẹ́ náà. Lórí bàálù Amẹ́ríkà, òfin gbà kí ẹni tí kò tíì ní sáàtífíkéètì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní i, bí ọ̀gá náà bá fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ náà dé ibi tó yẹ, tó sì wà nítòsí láti dáhùn ìbéèrè. Kó jókòó sílé kó máa fi fóònù darí yín kò bá ìyẹn mu.

Ẹ má dúró di ìparí oṣù. Ọ̀gá tó buwọ́ lu iṣẹ́ àná ṣì rántí rẹ̀. Ọ̀gá tí ẹ kó ojú ìwé 40 fún lẹ́ẹ̀kan náà á ṣiyèméjì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti kó wákàtí jọ ti kógbá sílé. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Kò tíì bọ́, bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti buwọ́ lù. Nàìjíríà ti rí èyí rí. Nígbà tí Nigeria Airways dáwọ́ dúró ní ọdún 2003, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹnjìnnìa rẹ̀, ẹ̀rí iṣẹ́ wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú ìwé rẹ̀. Ẹ wá àwọn tó mójú tó yín lọ, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní orúkọ wọn, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì wọn, àkókò tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹni tó bá ń kúrò ní ibì kan sí ibòmíràn, kó gba lẹ́tà yìí kó tó lọ. Ó rọrùn nígbà tí wọ́n ṣì ń rí yín.

Ẹnìkan ní òun á fi wákàtí kún tèmi bí mo bá sanwó. Ṣé gbogbo ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ má ṣe é. Bí FAA bá mọ̀ pé irọ́ wà nínú ìwé tí ènìyàn fi béèrè, wọ́n lè gba sáàtífíkéètì tó fi í gbà àti èyíkéyìí mìíràn tó ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, aṣàyẹ̀wò á gbé nǹkan síwájú yín, á ní kí ẹ ṣe é lójú òun. Wákàtí tí ẹ rà kò ní ọwọ́ tó máa ṣe é.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà náà gùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa wọ bàálù yẹn kò mọ̀ yín, wọn kò lè béèrè lọ́wọ́ yín bóyá lóòótọ́ lẹ ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni òtítọ́ tó wà nínú ìwé yín.

Ọmọbìnrin ni mí. Ṣé wọ́n á gbà mí?

Kò sí nǹkan kan nínú òfin tó dí yín lọ́wọ́, àwọn obìnrin sì ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ òru, ibi ìyípadà aṣọ àti ọkọ̀ ìpadàlọ kí ẹ tó gbà. Ibi tí wọ́n bá fi ìbéèrè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá ibòmíràn.

Ṣé ilé ẹ̀kọ́ kò wá sàn ju gbogbo wàhálà yìí lọ?

Fún ẹni tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó yára jù. NCAT, ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba ní Zaria, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ọdún 1964, ẹ̀kọ́ tí ìjọba bá fọwọ́ sí sì máa ń dín ọdún ìrírí tí wọ́n ń béèrè kù, bí mo ṣe sọ lókè. Àmọ́ ẹ ó kúrò ní Èkó, owó oṣù yín á sì dúró. Ọ̀nà tí mò ń ṣàlàyé níhìn-ín wà fún ẹni tó ní ọmọ tàbí òbí tó ń gbọ́ bùkátà wọn, tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ìdánwò náà ṣe rí?

Ìrírí ló ń ṣáájú. Òṣìṣẹ́ FAA á kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ yín, á fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, bó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á buwọ́ lu Fọ́ọ̀mù 8610-2. Òun ni ẹ ó mú lọ síbi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà.

Mẹ́ta ni ìdánwò náà fún ẹni tó fẹ́ méjèèjì: General ní ìbéèrè 60, Airframe ní 100, Powerplant ní 100. Ẹ gbọ́dọ̀ gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ti ẹnu àti ti ọwọ́ lọ́dọ̀ aṣàyẹ̀wò tí FAA yàn, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí láàárín oṣù 24. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á dúró fún ọjọ́ 30 kó tó tún ṣe é, àfi bí ẹni tó yẹ bá kọ̀wé pé òun ti tún un kọ́. Ìwé tí FAA fúnra rẹ̀ kọ fún ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì rẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má sanwó fún ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè ṣe gbogbo rẹ̀ láti Èkó láìrìnrìn àjò?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀, FAA kì í fún un ní sáàtífíkéètì mẹkáníìkì lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà àfi bí wọ́n bá rí i pé ó pọn dandan fún bàálù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí bàálù N ní Ìkẹjà, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró. Àwọn yòókù ní láti lọ ṣe é ní Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ojúlówó láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yín tó sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí bàálù kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe pẹ́ tó, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ NCAA, tàbí olùdámọ̀ràn ICAO, tó fìdí ìrírí náà múlẹ̀. Ẹ̀dà fọ́tò kò tó. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà NCAA yẹn, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹni tó ń gba lẹ́tà kún un. Kí ni ìyẹn?

Òótọ́ ni. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹni tó bá ń béèrè sáàtífíkéètì pẹ̀lú àdírẹ́sì òkèèrè, tí kò ní àdírẹ́sì gidi ní Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ yan aṣojú kan níbẹ̀ tó lè gba ìwé FAA fún un. Láti oṣù Keje ọdún náà, ó kan àwọn tó ti ní i tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yan ẹni tó máa ń ṣí lẹ́tà, tó sì máa pè yín lọ́jọ́ tó bá dé. Ìbátan tó ń kó ilé lọ́dọọdún kò yẹ fún un.

Mo ti gba A&P. Ṣé mo lè máa buwọ́ lu bàálù 5N, àti pé ṣé sáàtífíkéètì náà máa ń kú?

Kò fún yín láṣẹ lórí 5N. NCAA ló máa sọ ohun tó kù kí ẹ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Sáàtífíkéètì náà fúnra rẹ̀ kì í kú. Àmọ́ ẹ ò lè lò ó àfi bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe fún ó kéré tán oṣù 6 nínú oṣù 24 tó ṣáájú. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà: ẹ ò lè buwọ́ lu iṣẹ́ tí ẹ kò tíì ṣe rí pé bàálù yẹ kó fò, àfi kí ẹ fi hàn FAA pé ẹ lè ṣe é, tàbí kí ẹ ṣe é lábẹ́ ojú ẹni tó ti ṣe é rí. Nítorí náà, ẹ máa kọ àkọsílẹ̀ lọ lẹ́yìn tí sáàtífíkéètì bá ti dé. Òun ni ẹ ó fi hàn bí wọ́n bá bi yín.